Fíláàṣì Lábẹ́ Oòrùn Ọ̀sán: Bí A Ṣe Ń Lò Ó Nígbà Tí Ṣọ́tà Bá Ń Sáré

Aago kan ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń mú ọkọ àti ìyàwó jáde síta gbọ̀ngàn láti ya fọ́tò, wákàtí yẹn gan-an ló sì burú jù fún iṣẹ́ náà. Oòrùn wà ní àtàrí. Òjìji gèlè ti bo ojú ìyàwó dé ìdí imú, abẹ́ fìlà ọkọ náà ṣú. Bí ayàwòrán bá tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kí ojú wọn lè hàn, ọ̀run á di funfun báláú, àwọ̀ aṣọ òkè tí wọ́n náwó lé lórí á sì ṣá. Bí ó bá tún un ṣe kí ọ̀run àti aṣọ lè dára, àwọn tó ni ìnáwó á dúdú kọjá ìdánimọ̀.

Fíláàṣì ni oògùn rẹ̀. Ó lè ya ẹ̀yin tí ẹ rò pé alẹ́ nìkan ni fíláàṣì wà fún lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ló ti wúlò jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń fa wàhálà. Oòrùn á ní kí ṣọ́tà kámẹ́rà sáré, fíláàṣì á ní òun ò lè bá a sáré. Ohun tó fa ìjà àwọn méjèèjì, àti bí a ṣe ń parí rẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Bí ẹ ò bá tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà ńlá rí, ẹ má mikàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ la ó ti mú un.

Nínú kámẹ́rà, lẹ́yìn lẹ́ǹsì, pátákó kékeré kan wà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di àwòrán. Sensor ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ojú kámẹ́rà. Nígbà tí a ṣì ń lo fíìmù, fíìmù ló ń wà níbẹ̀. Lórí èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní full frame, ojú yìí fẹ̀ ní mìlímítà 36, ó sì ga ní mìlímítà 24. Ṣọ́tà ni ohun tó ń bò ó, tó sì ń ṣí i sílẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹ bá fẹ́.

Àkókò náà kúrú gan-an, nítorí náà ìdá ìṣẹ́jú-àáyá ni a fi ń kọ ọ́: 1/60, 1/250, 1/4000. Bí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ bá ṣe tóbi sí ni àkókò ṣe ń kúrú sí, tí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sì ń dín kù. Ìyára ṣọ́tà nìyẹn.

Nǹkan kejì tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni ihò inú lẹ́ǹsì, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní aperture. Lẹ́tà f ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń da àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ láàmú torí pé ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀: f/2.8 ni ihò tó ṣí gbàyàwù, f/11 ni ihò tó há. Ihò tó ṣí gbàyàwù á jẹ́ kí ojú èèyàn mọ́ ketekete, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì di bàìbàì. Ihò tó há á mú gbogbo rẹ̀ hàn kedere, títí kan ohun tí ẹ ò fẹ́ rí. Ẹ̀kẹta ni ISO, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí. Lábẹ́ oòrùn, 100 la sábà máa ń fi í sí, ẹ jẹ́ ká gbé e sápá kan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn ayàwòrán kì í yé sọ: stop. Èmi á pè é ní ìpele. Bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ó ti fi ìpele kan gòkè. Bí ó bá di ìdajì, ó ti fi ìpele kan wálẹ̀. Láti 1/250 sí 1/500 jẹ́ ìpele kan. Láti f/8 sí f/11 náà jẹ́ ìpele kan. Òun la ó fi ṣe ìṣirò nígbà tó bá yá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú ṣọ́tà wò. Kì í ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ìkélé méjì ni, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n sì ń rìn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìkélé àkọ́kọ́ ló ń bo ojú kámẹ́rà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ó já wálẹ̀, ojú kámẹ́rà sì ṣí. Nígbà tí àkókò tí ẹ dá bá pé, ìkélé kejì á já tẹ̀lé e, á sì bò ó padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Nǹkan bíi 1/300 ìṣẹ́jú-àáyá ni ìkélé kan fi ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìrìn yẹn kì í sì í yí padà. Yálà 1/60 lẹ fi ṣọ́tà sí tàbí 1/8000, bákan náà ni àwọn ìkélé ń rìn. Ohun tó ń yí padà ni bí ìkélé kejì ṣe dúró pẹ́ tó kó tó gbéra. Ní 1/60, ìkélé àkọ́kọ́ ti gúnlẹ̀ tipẹ́, gbogbo ojú kámẹ́rà ti ṣí sílẹ̀ gbalaja, kí ìkélé kejì tó mira. Ní 1/1000, àkọ́kọ́ ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí èkejì ti gbá tẹ̀ lé e. Nítorí náà, gbogbo ojú kámẹ́rà kò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà rárá. Àlàfo tóóró kan ló ń sáré kọjá lójú rẹ̀, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ. Ní 1/4000, àlàfo náà kò tó mìlímítà 2.

Oòrùn ò ka èyí sí. Ó ń ràn láti ìgbà tí àlàfo ti gbéra títí ó fi dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ibi tí kò ní gba ìpín tirẹ̀. Fọ́tò á jáde dáadáa.

Fíláàṣì ò rí bẹ́ẹ̀. Fíláàṣì tí mò ń wí ni ti gidi, tí wọ́n ń gbé sórí kámẹ́rà tàbí sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta; iná ẹ̀yìn fóònù kì í ṣe ara wọn, gílóòbù kékeré lásán ni. Nínú fíláàṣì gidi, agbára bátìrì á kọ́kọ́ kóra jọ síbì kan, a ó sì tú u sínú gíláàsì tín-ínrín tí afẹ́fẹ́ xenon wà nínú rẹ̀. Ó bù yẹ̀rì, ó sì parí. Ẹ wo Nikon SB-910: bí ẹ bá lò ó ní agbára kíkún, 1/880 ìṣẹ́jú-àáyá ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń wà. Bí ẹ bá dín in kù sí 1/16 agbára rẹ̀, ó di 1/10000. Bí ẹ bá dín in dé 1/128, ó di 1/38500. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn á ti tàn, á sì ti kú, kí ìkélé kan tó rìn ìdá díẹ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀.

Ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ní àkókò yẹn nìkan ni yóò rí i. Dandan ni kí fíláàṣì tàn nígbà tí ìkélé àkọ́kọ́ ti gúnlẹ̀, tí èkejì ò sì tíì gbéra. Ìyára tó ga jù tí èyí fi ṣeé ṣe lórí kámẹ́rà kan ni wọ́n ń pè ní sync speed rẹ̀. Gbèdéke fíláàṣì ni èmi á pè é. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó wà lọ́jà, ó wà láàárín 1/160 sí 1/250. Ẹ wò ó nínú ìwé tó bá kámẹ́rà yín wá, kí ẹ sì há a sórí.

Bí ẹ bá kọjá gbèdéke yìí, ìkélé kejì á ti wọ ojú kámẹ́rà kí fíláàṣì tó tàn, yóò sì fi àmì dúdú kan sílẹ̀ nínú fọ́tò. Bí ẹ bá di kámẹ́rà mú ní ìbú, ìsàlẹ̀ fọ́tò ni àmì náà máa ń wà. Òkè ni ìkélé ti ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì máa ń dojú àwòrán kodò lórí ojú kámẹ́rà, torí náà ohun tó bo òkè rẹ̀ ló ń pa ẹsẹ̀ èèyàn rẹ́. Bí ẹ bá di kámẹ́rà mú ní òòró, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa wà. Ní 1/320 ó lè má ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ; ní 1/500 ó ń súnmọ́ ìdajì fọ́tò.

Nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, dúdú kirikiri ni àmì náà, kò sí ẹni tí kò ní rí i. Lábẹ́ oòrùn ló ti ń tan èèyàn. Níbẹ̀, oòrùn ti mọ́lẹ̀ sí gbogbo ara ìyàwó, nítorí náà kò sí ìlà dúdú kankan. Ohun tí ẹ máa rí ni pé gèlè àti ojú ń dán, ìró láti ìbàdí dé ilẹ̀ kò sì dán. Mo ti rí àwọn tó ń yí orí fíláàṣì sókè sódò nítorí èyí, tí wọ́n rò pé kò kọjú sí ibi tó yẹ. Ṣọ́tà ló jẹ̀bi.

Ẹ lè ní kámẹ́rà tiyín ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí fíláàṣì àti kámẹ́rà bá mọ ara wọn, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló máa ń fà yín padà sí 1/250, ẹ lè fi gbogbo ọwọ́ yí i, kò ní kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá wá ń lo rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ju irin kan ṣoṣo tó fi ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ lọ, tàbí fíláàṣì ńlá ti sítúdíò, kámẹ́rà ò mọ̀ pé fíláàṣì kankan wà níbẹ̀, kò sì ní ṣèkìlọ̀.

Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ti bá gbèdéke yìí jà pẹ́. Lórí Leica M3 tó jáde ní 1954, aṣọ ni ìkélé, ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ló sì ń rìn, mìlímítà 36 gbáko. Gbèdéke rẹ̀ kò ju 1/50 lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dúró tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti òkè sí ìsàlẹ̀, ọ̀nà dín kù sí mìlímítà 24. Nígbà tí wọ́n tún fi irin rọ́pò aṣọ, eré pọ̀ sí i. Nikon FM2 ti 1982 dé 1/200, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó di 1/250. Láti ìgbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́. Ohun tó ní ìwúwo, bó ti wù kó fúyẹ́ tó, kò ṣeé dá dúró lójijì láìjẹ́ pé ó fọ́ nígbà tó bá yá.

Kí ló wá ń lé wa kọjá 1/250? Oòrùn ni. Òfin àtijọ́ kan wà tí àwọn ayàwòrán fi ń díwọ̀n oòrùn tó mọ́ gaara láìlo ẹ̀rọ: ní ISO 100, ẹ fi ihò sí f/16, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/100 tàbí 1/125. Gbogbo ìyókù lè ti ibẹ̀ wá. Bí ẹ bá ṣí ihò ní ìpele kan, ẹ mú ṣọ́tà yára ní ìpele kan. f/11 á gba 1/250, f/8 á gba 1/500, f/5.6 á gba 1/1000, f/4 á gba 1/2000, f/2.8 á gba 1/4000.

Ẹ wá wo ibi tí gbèdéke ti gé yín kù: 1/250, f/11. Fíláàṣì á tàn, ojú ìyàwó á mọ́, ọ̀run á jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ṣùgbọ́n f/11 lẹ wà, ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn tọkọtaya á hàn ketekete: jẹnẹrétọ̀, àwọn àga oníke tí wọ́n tò léra, kúlà, ọmọdé tó ń fi ọwọ́ nu imú. f/2.8 lẹ fẹ́, kí gbogbo ẹ̀yìn wọn lè yọ́ dànù. f/2.8 á gba 1/4000, fíláàṣì ò sì lè débẹ̀.

Ní 1986, Olympus gbé fíláàṣì kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ F280, fún kámẹ́rà OM-4Ti wọn. Fíláàṣì náà lè bá ṣọ́tà ṣiṣẹ́ títí dé 1/2000. Òun ni bàbá ohun tí a ń pè ní high-speed sync lónìí, tí wọ́n ń gé kúrú sí HSS. Nikon ń pè é ní Auto FP. Fíláàṣì léraléra ni èmi á pè é, torí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Dípò kó tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde ní ìgbì kan ṣoṣo, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò sì máa bù yẹ̀rì léraléra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ìkélé àkọ́kọ́ tó gbéra, kì í sì í dákẹ́ títí èkejì á fi gúnlẹ̀. Ojú wa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kámẹ́rà náà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, fíláàṣì ti di iná tó tàn tí kò pa, bí àlàfo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń bá ìmọ́lẹ̀ pàdé. Àmì dúdú ò sí mọ́.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Nígbà tí gílóòbù tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù ṣì wà lóde, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n kọ FP sí lára. Wọ́n ṣe é kó máa jó pẹ́, kó sì máa jó déédéé, kí ìkélé lè rìn kọjá nígbà tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Lẹ́tà méjèèjì yẹn ló kù sára orúkọ tí Nikon ń lò.

Ọ̀fẹ́ kọ́ o. Bí ẹ bá da omi inú garawa sẹ́nu ìgò, ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù máa dà sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíláàṣì léraléra. Ó ń tàn ní gbogbo ìgbà tí àlàfo ń rìn, ṣùgbọ́n àlàfo tí kò tó mìlímítà 2 nìkan ló ń gbà á wọlé. Ìyókù ń kọlu ẹ̀yìn ìkélé. Bí àlàfo bá ṣe ń tín-ín-rín sí ni òfò ń pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò òfò náà, torí ibí yìí ni ìbẹ̀rù ti máa ń ju bó ṣe yẹ lọ. Fíláàṣì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà agbára, guide number lédè àwọn tó ṣe é. Ẹ fi nọ́ńbà f pín in, ẹ ó rí iye mítà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dé ní ISO 100. Ká ní tiyín jẹ́ 36. Ní f/11, 1/250, láìlo fíláàṣì léraléra, 36 pín sí 11 jẹ́ mítà 3 àti díẹ̀. Ẹ lè dúró sí ìwọ̀n yẹn kí ẹ ya tọkọtaya láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹ wá bọ́ sí f/2.8, 1/4000. Ní ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ fíláàṣì léraléra, agbára máa ń já sílẹ̀ ní nǹkan bí ìpele méjì. Ó yàtọ̀ díẹ̀ láti fíláàṣì kan sí òmíràn. Láti 1/250 dé 1/4000, ìpele mẹ́rin mìíràn tún lọ. Ìpele mẹ́fà ti run. Ó ń dẹ́rù bani, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣí ihò láti f/11 sí f/2.8, ìpele mẹ́rin lẹ sì jèrè níbẹ̀. Ẹ mú mẹ́rin kúrò nínú mẹ́fà, méjì péré ni gbèsè yín. Owó ìwọlé lẹ san. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé, tí ẹ bá ń ṣí ihò bí ẹ ṣe ń mú ṣọ́tà yára, kò sí gbèsè mìíràn.

Gbèsè ìpele méjì túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ìmọ́lẹ̀ sì máa ń di ìlọ́po mẹ́rin bí fíláàṣì bá súnmọ́ èèyàn dé ìdajì ibi tó wà. Nítorí náà, mítà 3 àti díẹ̀ yẹn á di nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Ẹ ò ní gbé kámẹ́rà súnmọ́ o; fíláàṣì lẹ máa gbé súnmọ́. Ẹ fi rìmóòtù tó mọ iṣẹ́ HSS sórí kámẹ́rà, kí ọmọ iṣẹ́ yín fi igi gbé fíláàṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọkọtaya, níbi tí kò ti ní wọ inú fọ́tò. Èmi ò gbà pé fíláàṣì orí kámẹ́rà ń ṣe iṣẹ́ gidi lábẹ́ oòrùn. Ó ń jìnnà jù, ó sì ń mú kí ojú èèyàn tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún agboòrùn fíláàṣì àti softbox níta. Wọ́n ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń jẹ ìpele kan tàbí méjì nínú ìwọ̀nba tó kù, afẹ́fẹ́ sì lè gbé agboòrùn náà lọ bá àwọn oníjó. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ so fíláàṣì méjì pọ̀. Ìyẹn á dá ìpele kan padà.

Bí a ṣe ń tan fíláàṣì léraléra kò le. Lórí ọ̀pọ̀ fíláàṣì Canon àti Godox, bọ́tìnnì kan wà lára fíláàṣì tàbí rìmóòtù rẹ̀ tí wọ́n ya àmì mànàmáná àti lẹ́tà H sí. Lórí Nikon, inú mẹ́nù kámẹ́rà lẹ máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò gbèdéke, kí ẹ mú 1/250 tí wọ́n kọ Auto FP tẹ̀ lé. Bí fíláàṣì bá kọ̀ tí kò tàn rárá, ẹ wo bóyá ẹ fi kámẹ́rà sí ṣọ́tà tí kì í pariwo. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, fíláàṣì kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó bá kan yíyà, oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ fi ihò sí ibi tí ẹ fẹ́, ká ní f/2.8, kí ẹ máa mú ṣọ́tà yára títí àwọ̀ ọ̀run á fi padà sípò. Tọkọtaya á ṣú nínú fọ́tò yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣú. Ẹ wá tan fíláàṣì, kí ẹ máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí ojú wọn á fi mọ́. Bí ẹ bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tí kò tíì tó, ẹ gbé e súnmọ́ wọn. Ẹ má mú ìyára ṣọ́tà walẹ̀ láti fi ran fíláàṣì lọ́wọ́, torí oòrùn náà á gùn ún wọlé.

Èyí gan-an ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nípa fíláàṣì léraléra. Pẹ̀lú fíláàṣì ojoojúmọ́, ṣọ́tà kò kan fíláàṣì níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà nísàlẹ̀ gbèdéke: oòrùn ni ṣọ́tà ń díwọ̀n, ihò ló ń díwọ̀n àwọn méjèèjì. Nígbà tí fíláàṣì bá ti di iná tí kò pa, ṣọ́tà ń gé òun náà bó ṣe ń gé oòrùn.

Iṣẹ́ yìí ń fún bátìrì ní ìyà, ó sì ń mú orí fíláàṣì gbóná. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀léra lọ́sàn-án gangan, fíláàṣì mìíràn á ti ara rẹ̀ pa láti tutù. Ẹ gbé fíláàṣì tí ẹ máa fi pààrọ̀ dání, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lábẹ́ ibòji.

Àṣìṣe kan wà tí ó pọ̀ jù lọ́nà yìí. Ẹlòmíì ń ya onígángan nínú gbọ̀ngàn lálẹ́, ó fẹ́ kí ọ̀pá ìlù dúró gbọn-in lójú afẹ́fẹ́, ó wá tan HSS ó sì fi ṣọ́tà sí 1/1000. Fọ́tò ṣú, ọ̀pá ìlù sì tún fà bàìbàì. Ohun tí ń dá ìgbòkègbodò dúró níbi tó ṣókùnkùn ni kíkúrú ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì fúnra rẹ̀. SB-910 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń tàn fún 1/10000 péré bí ẹ bá lò ó ní 1/16. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/200, ẹ dín agbára fíláàṣì kù, ẹ gbé e súnmọ́ onílù: ọ̀pá á dúró, awọ gángan tó ń gbọ̀n pàápàá á dúró. Fíláàṣì léraléra ti ba kíkúrú yẹn jẹ́, torí ó ti na ìmọ́lẹ̀ náà gùn.

Harold Edgerton, tó jẹ́ olùkọ́ ní MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fi èyí han gbogbo ayé. Láti 1931 ló ti ń fi iná tó ń bù yẹ̀rì ya ohun tó ń sáré. Ní 1964, ó ya ọta ìbọn bó ṣe ń la ápù kọjá. Ṣọ́tà ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀: yàrá ṣókùnkùn biribiri, wọ́n ṣí kámẹ́rà sílẹ̀, ariwo ìbọn ló sì tan iná tí àkókò rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà láti gba f/2.8 lábẹ́ oòrùn láìkọjá gbèdéke: gíláàsì dúdú tí a ń dé sórí lẹ́ǹsì, tí wọ́n ń pè ní ND. Èyí tó ń dín ìpele mẹ́rin kù, ND16, á jẹ́ kí ẹ dúró sí f/2.8 àti 1/250. Ó ń dín fíláàṣì kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́rin yẹn náà ni ihò ti dá padà, nítorí náà ẹ ò san owó ìwọlé kankan. Fíláàṣì 36 yẹn á tún dé mítà 3 àti díẹ̀. Bí fíláàṣì yín kò bá ní HSS rárá, tàbí tí agbára rẹ̀ kò tó, ND ni kí ẹ rà. Ohun tó ń bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa dé e kí ẹ sì máa tú u, nígbà tí ìyá ìyàwó ti ń pè yín wọ inú gbọ̀ngàn.

Àwọn kámẹ́rà kan wà tí ìjà yìí ò kàn. Hasselblad 500C, ti 1957, gbé ṣọ́tà sínú lẹ́ǹsì, ó ń ṣí láti àárín bọ́ sí etí, fíláàṣì sì ń bá a ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìyára rẹ̀ títí dé 1/500. Irú ṣọ́tà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwọn Fujifilm X100 kéékèèké.

Ní oṣù kọkànlá 2023, Sony kéde A9 III, tí kò lo ìkélé rárá. Gbogbo ojú kámẹ́rà rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń pa, lẹ́ẹ̀kan náà, ìyára rẹ̀ lè dé 1/80000, kò sì ní gbèdéke fíláàṣì. Wàhálà wá kúrò lọ́rùn ṣọ́tà, ó bọ́ sọ́rùn fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ tó gba 1/880 kí ó tó jáde tán kò lè wọ inú ṣọ́tà tó pa ní 1/10000. Bí ẹ bá lo fíláàṣì bíi ti SB-910 ní agbára kíkún ní ìyára yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọ inú fọ́tò kò ní ju èyí tí ẹ máa rí bí ẹ bá fi í sí 1/16 lọ. Ìyókù á tàn sára ìyàwó lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti pa ojú dé.